Bí o ṣe lè fi ìwádìí ọjọ́ ogbó àti ìtọ́jú arúgbó ṣe iṣẹ́ ayé rẹ

Ìwé ìbéèrè wà lọ́wọ́ mi, mo jókòó sórí àpótí nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ní Ìbàdàn. Mo bi ìyàwó ilé náà pé, "Ṣé ẹ̀yin ni olùtọ́jú arúgbó tó wà nínú ilé yìí?" Ó ní rárá o. Mo fi àmì sí "rárá", mo bọ́ sí ìbéèrè tó kàn. Bẹ́ẹ̀ omi tó fi wẹ ìyá ọkọ rẹ̀ kò tíì gbẹ lára ìró rẹ̀. Òun ló po ẹ̀kọ fún ìyá láàárọ̀, òun ló pààrọ̀ aṣọ tí ìyá tọ̀ sí lẹ́ẹ̀mejì, òun náà ló ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ìyá láti ọdún tó kọjá. Ìgbà tí mò ń palẹ̀ mọ́ ló wá sọ pé, "Ìyá ọkọ mi ni, èmi kì í ṣe nọ́ọ̀sì."

"Rárá" yẹn ló kọ́ mi níṣẹ́. Bí ọmọ yunifásítì kan bá bi mí bí òun ṣe lè fi ìwádìí ọjọ́ ogbó, ìtọ́jú nínú ẹbí àti ìlera jẹun, ohun tí mo máa ń sọ fún un nìyí. Mo ń sọ "ìwọ" nítorí pé àbúrò ni mo rò pé mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ jù mí lọ, ẹ forí jì mí.

Ìgbésẹ̀ 1: Gba ẹnu ọ̀nà tó wà níwájú rẹ

Kò dìgbà tí o bá kàwé gboyè nínú gerontology, ìyẹn ìmọ̀ nípa ọjọ́ ogbó, kí o tó wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wa gba ibòmíràn: iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìṣègùn, sosiọ́lọ́jì, ètò ọrọ̀ ajé, social work, àní ìmọ̀ èdè pàápàá. Ohun tí ojú dókítà rí ni ẹ̀jẹ̀ ríru àti orúnkún tó ń ro ni. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé á rí ìsọ̀ kan tó wà ní títì pa ní Bódìjà nítorí pé ẹni tó ni ín wà nílé pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ilé kan náà ni wọ́n jọ ń wò.

Nítorí náà, dúró sí ẹ̀ka tí o wà, kí o mú ọ̀rọ̀ ogbó ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ. Bí iye ènìyàn àti ìṣirò bá wù ọ́, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ní ẹ̀ka Demography and Social Statistics. Bí ilé ìwòsàn bá wù ọ́, lọ wo ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó tí wọ́n ṣí ní UCH Ìbàdàn ní 2012, èyí tí wọ́n fi orúkọ Tony Anenih sọ. Jókòó síbi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà. Má wo àwọn arúgbó. Wo àwọn tó mú wọn wá.

Ìgbésẹ̀ 2: Kọ́kọ́ ka ohun tó ti ọ̀dọ̀ tiwa jáde

Àwọn ọmọ wa a máa sáré lọ ka ìwé Amẹ́ríkà kí wọ́n tó mọ̀ pé Ìbàdàn ti wà nínú ìwé Amẹ́ríkà tipẹ́. Ní 1992 ni ìwádìí kan bẹ̀rẹ̀ lórí arán, àrùn ìgbàgbé ọjọ́ ogbó tí òyìnbó ń pè ní dementia, tó so Ìbàdàn mọ́ ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun ló ṣáájú rẹ̀ níhìn-ín, Hugh Hendrie ló wà lọ́hùn-ún. Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnníyì sì bá iṣẹ́ náà lọ. Àwọn àgbàlagbà tó ti pé ọdún 65 sókè ní àdúgbò Ìdíkàn ni wọ́n kà níhìn-ín. Ní Indianapolis, àwọn aláwọ̀ dúdú ni. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n fi yẹ àwọn méjèèjì wò. Èsì tó jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA ní 2001 ni pé lọ́dún kan, nínú 100 àgbàlagbà, 1.35 ni arán bẹ̀rẹ̀ lára wọn ní Ìbàdàn, ti Indianapolis sì jẹ́ 3.24. Àríyànjiyàn lórí ohun tó fà á kò tíì tán.

Iye yẹn dára, ṣùgbọ́n wo irinṣẹ́ tí wọ́n lò, ìyẹn àkójọ ìbéèrè tí wọ́n fi yẹ ènìyàn wò. Orúkọ rẹ̀ ni CSI-D, àárín àwọn ẹ̀yà Cree ní Kánádà ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó. Kì í bi arúgbó nìkan ní ìbéèrè. Ó máa ń bi ẹnìkan tó mọ arúgbó náà dáadáa pẹ̀lú: ṣé ìyá ṣì ń rántí ibi tó kó nǹkan sí, ṣé ó ṣì ń dáná bí i ti tẹ́lẹ̀. Ẹni kejì yẹn ni iṣẹ́ tèmi. A bi í nípa ìyá, a dúpẹ́, a dìde. Ìgbà wo ni a óò bi í nípa ara rẹ̀?

Lẹ́yìn náà, ka Ibadan Study of Ageing tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje darí. Láàárín 2003 sí 2004 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó ju 2,000 lọ tí wọ́n ti pé 65 sókè, ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí a ti ń sọ Yorùbá, Kwara àti Kogi pẹ̀lú. Wọ́n padà sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn náà títí di 2009. Kà á bí ẹni ń ka ìwé òfin: báwo ni wọ́n ṣe mú ilé, báwo ni wọ́n ṣe mọ ọjọ́ orí, kí ni wọ́n ṣe nígbà tí wọn kò bá ẹnìkan nílé mọ́.

Ìgbésẹ̀ 3: Jókòó nínú ilé kí o tó kọ ìbéèrè kankan

Mú ilé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí arúgbó wà, kí o máa lọ síbẹ̀ láìmú ìwé dání. Bá wọn ṣa ẹ̀wà. Fetí sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún ọ pé òun ní "ìdààmú olùtọ́jú". Wọ́n á ní, "Ọwọ́ mi kò dilẹ̀." Wọ́n á ní, "Oorun ti di nǹkan." Wọ́n á ní, "A dúpẹ́," pẹ̀lú ohùn kan tí o gbọ́dọ̀ kọ́ láti gbọ́.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Gbogbo wa la mọ òwe yìí, òun gan-an ló sì ń ba ìwádìí wa jẹ́, nítorí pé ó ti fún gbogbo ènìyàn ní ìdáhùn tó yẹ ọmọ gidi kí ìbéèrè tó dé. Bí o bá bi obìnrin kan bí ìtọ́jú ìyá bá ń ni ín lára, o ti bi í bóyá ọmọ burúkú ni. Kò ní dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí o béèrè iṣẹ́, kí o fi orúkọ oyè sílẹ̀. Ta ló wẹ ìyá láàárọ̀ òní? Ta ló wọ̀ ọ́ láṣọ? Ta ló tì í lẹ́yìn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀? Ta ló gbé e dìde lórí ibùsùn? Bí ó bá tọ̀ sára, ta ló fọ aṣọ? Ta ló fi oúnjẹ sí i lẹ́nu? Ibẹ̀ ni àwọn nǹkan mẹ́fà tí Katz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kà sílẹ̀ láti 1963 láti fi wo bí agbára arúgbó ṣe kù sí, mo kàn yí wọn padà sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni. Fi méjì kún un ní ilẹ̀ wa: ta ló san owó oògùn, ta ló sì sùn nínú yàrá kan náà lóru àná? Ẹni tó ń sanwó àti ẹni tó ń sùn níbẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹnìkan náà, ẹni tó ń sanwó ni gbogbo ẹbí sì máa ń dárúkọ bí o bá béèrè pé "ta ló ń tọ́jú màmá?"

Ìgbésẹ̀ 4: Gé ìbéèrè rẹ kúrú

"Ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Nàìjíríà" kì í ṣe ìbéèrè, àkòrí ìdánwò ni. Sọ ẹni tí o ń wò: ìyàwó ọmọ tó ń gbé pẹ̀lú ìyá ọkọ tó ní àrùn rọpárọsẹ̀. Sọ ibẹ̀: ìjọba ìbílẹ̀ kan. Sọ ohun tí o fẹ́ mọ̀: kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọjà rẹ̀ láàárín ọdún kan? Lẹ́yìn náà, sọ ọ́ fún ìyá rẹ láìsí èdè òyìnbó kankan nínú rẹ̀. Bí ó bá ní, "Kí lo fẹ́ fi ṣe?", tí o sì rí nǹkan fèsì, ìbéèrè rẹ ti gúnlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 5: Túmọ̀ irinṣẹ́ bí ẹni ń pọn ọtí, má kánjú

Irinṣẹ́ tí wọ́n ń lò jù láti wọn ìnira àwọn olùtọ́jú ni ti Zarit, tó jáde ní 1980. Èyí tí a ń lò káàkiri ní ìbéèrè 22, ìdáhùn kọ̀ọ̀kan láti 0 sí 4, àpapọ̀ rẹ̀ kò sì lè ju 88. Kì í ṣe ohun tí a ń dà kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ wà, Mapi Research Trust ni o máa kọ̀wé sí fún àṣẹ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi àti ẹgbẹ́ mi túmọ̀ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, a kọ "ẹrù" sí ibi tí òyìnbó ti sọ burden. Ìyá àgbà kan tó wà nítòsí gbọ́ ọ. Ó ní, "Ta lẹ pè ní ẹrù?" A kó ìwé wa. Níbòmíràn, a béèrè bóyá obìnrin kan ń rí àkókò fún ara rẹ̀. Ó wò mí. "Àkókò tí mo fẹ́ fi ṣe kí ni?" Kò lọ́gbọ́n nínú létí rẹ̀. A yí i padà: "Ìgbà wo lẹ lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín kẹ́yìn? Ìgbà wo lẹ dirun kẹ́yìn?" Ìdáhùn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ṣùgbọ́n mọ̀ pé bí o bá ti yí ìbéèrè padà tó báyìí, kì í ṣe irinṣẹ́ Zarit mọ́. Lo ti Zarit bí àṣẹ ṣe wí, kí o sì to tìrẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọ̀nà tó tọ́ ni pé kí ènìyàn méjì tú u sí Yorùbá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n jókòó fẹnu kò, kí ẹlòmíràn tí kò rí ti òyìnbó rí tú Yorùbá náà padà sí òyìnbó. Ibi tí méjèèjì bá ti yà ni iṣẹ́ wà. Lẹ́yìn èyí, kà á fún ènìyàn díẹ̀, kí o má béèrè ìdáhùn wọn, béèrè pé, "Kí lẹ gbọ́ nínú ohun tí mo sọ yìí?" Ṣe é lẹ́ẹ̀kan ní ìgboro, lẹ́ẹ̀kan ní oko. Yorùbá Ìjẹ̀bú kì í ṣe ti Ìlọrin, èyí tí ìwọ fúnra rẹ mọ̀ jù mí lọ.

Ìgbésẹ̀ 6: Ọjọ́ orí

Ọ̀pọ̀ àwọn tí a ń wá kò ní ìwé ìbí. Àwọn míràn ní méjì: ọjọ́ orí tilé àti ọjọ́ orí ọ́fíìsì, tí wọ́n dín kù kí iṣẹ́ ìjọba má bàa tètè dá wọn dúró. Bí o bá béèrè ní ṣákálá, gbogbo wọn á bọ́ sórí 60, 65, 70, 80, bí ẹni pé Ọlọ́run kì í bí ènìyàn ní àárín.

Lo ìṣẹ̀lẹ̀. Ìparí ogun Hitler jẹ́ 1945. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní January 1955. Ọbabìnrin Elizabeth wá ní 1956. Òmìnira jẹ́ 1960. Wẹ́tiẹ̀ jẹ́ 1965 wọ 1966. Àgbẹ́kọ̀yà jẹ́ 1968 àti 1969. Náírà rọ́pò pọ́n-ùn ní January 1973. Má béèrè pé "ẹ pé ọmọ ọdún mélòó nígbà Wẹ́tiẹ̀?" Béèrè pé: ṣé ẹ ti lọ́kọ nígbà náà? Ọmọ wo lẹ gbé pọ̀n nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó? Bí ìyá bá ní ọmọ òun kejì ni òun gbé pọ̀n ní 1973, tí ó sì lọ sílé ọkọ lọ́dún Àgbẹ́kọ̀yà, ìwọ àti òun ti jọ sún mọ́ òótọ́. Kọ ọdún tí ẹ dé sí àti ìṣẹ̀lẹ̀ tí ẹ fi dé ibẹ̀, méjèèjì, nítorí ẹni tí yóò yẹ iṣẹ́ rẹ wò á béèrè.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìwé àṣẹ àti ìwà ọmọlúàbí

Ìlànà orílẹ̀-èdè fún ìwádìí ìlera, tí ìgbìmọ̀ NHREC gbé kalẹ̀, ti wà láti 2007. Yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn rẹ ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀. Má ṣe gbé ìbéèrè jáde kí ìwé àṣẹ wọn tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, kí o sì ti ṣírò oṣù tí yóò gbà mọ́ ètò rẹ.

Ṣùgbọ́n ohun tí ìwé àṣẹ kò kọ́ ọ pọ̀. Títẹ̀ka sórí ìwé máa ń ba àwọn arúgbó lẹ́rù: ọ̀pọ̀ ló mọ ẹni tó tẹ̀ka tí ilẹ̀ fi bọ́. Bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n gba ìfọwọ́sí ẹnu níwájú ẹlẹ́rìí. Bí arúgbó bá ń ṣarán, gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹbí, ṣùgbọ́n máa wo ojú òun náà. Bí ó bá yíjú sí ògiri, ó ti dá ọ lóhùn, dìde. Èyí tó sì le jù ni etí. Ìyàwó ilé kò lè sọ òótọ́ nípa ìyá ọkọ tó jókòó sí yàrá kejì. Máa mú ẹnìkejì dání, kí ó máa bá ìyá sọ̀rọ̀ níta nígbà tí ìwọ ń bá ìyàwó sọ̀rọ̀, tàbí kí o bá a lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ń wí lókè yẹn.

Ní nọ́ńbà ilé ìwòsàn tó súnmọ́ itòsí lọ́wọ́. O kò lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru kí o rí 200 lókè, kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì kí wọn pé ó dàbọ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Bí kò bá sí owó, ìwádìí wà nílẹ̀

Ìwọ nìkan kọ́ ló yẹ kó máa wá ilé kiri. Yunifásítì Michigan ti ń bi àwọn ará Amẹ́ríkà tó ju 50 lọ ní ìbéèrè láti 1992, ní ọdún méjì méjì. Health and Retirement Study ni wọ́n ń pè é. Forúkọ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ti wọn, SAGE, tí Gánà àti South Africa wà nínú rẹ̀. Gateway to Global Aging Data sì ti to irú ìwádìí wọ̀nyí jọ kí o lè fi ìlú kan wé òmíràn.

Ti Nàìjíríà ńkọ́? Lọ gba DHS, ìwádìí ìlera àti iye ènìyàn tí wọ́n ń ṣe láti ilé dé ilé. Wọ́n ń kọ gbogbo ẹni tó sùn nínú ilé sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ orí àti bí wọ́n ṣe bá olórí ilé tan. Ṣùgbọ́n obìnrin ọdún 15 sí 49 àti àwọn ọkùnrin kan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ tán pátápátá. Ìyá àgbà wà nínú iye, kò sí ẹni tó bi í ní nǹkan kan. Síbẹ̀, o lè ṣírò iye ilé tí ẹni 60 sókè wà, àti ta ló ń bá a gbé: ọmọ, ìyàwó ọmọ, ọmọ ọmọ nìkan, tàbí kò sí ẹnìkan. Fi R, ètò ìṣirò ọ̀fẹ́ orí kọ̀ǹpútà, ṣe é, kò ní ná ọ ní kọ́bọ̀ yàtọ̀ sí owó data íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun àkọ́kọ́ tí o máa tẹ̀ jáde lè jẹ́ èyí. Kí o tó fi ránṣẹ́, ṣọ́ra fún àwọn ìwé ìròyìn ìmọ̀ tó ń gbà á láàárọ̀ tí wọ́n ń béèrè owó lálẹ́. Mo ti sanwó fún ọ̀kan rí. Ó ti kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, tòun ti iṣẹ́ mi.

Ìgbésẹ̀ 9: Oyè àti ọ̀gá

Másítà, lẹ́yìn náà PhD. Kò sí ọ̀nà àbùjá. Bí o bá ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ní yunifásítì tó wà nínú CARTA, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì Áfíríkà tó ń ran àwọn òṣìṣẹ́ wọn lọ́wọ́ láti ṣe PhD (Ìbàdàn àti Ifẹ̀ wà níbẹ̀), wádìí bóyá ètò ìrànlọ́wọ́ PhD wọn ṣí sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má kẹ́gàn ipò graduate assistant: òṣìṣẹ́ yunifásítì ni ẹni tó bá wà níbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ló ń san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ PhD, tí wọ́n á tún fún un ní owó oṣù fún iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́.

Lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n tí o fẹ́ kó bójú tó ọ kò gbọdọ̀ ju ojú ìwé kan lọ. Sọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tí o kà àti ohun tí kò dáhùn nínú rẹ̀. Sọ ìbéèrè tìrẹ. Sọ ohun tí o ti ṣe. Lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àádọ́ta ènìyàn, ojú lásán la fi ń mọ̀ ọ́n. Kí o tó gba ọ̀gá kan, má béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bí ó ṣe rí. Béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, pàápàá èyí tí kò parí.

Ìgbésẹ̀ 10: Tẹ̀lé ìtọ́jú dé ibi tó lọ

Ìtọ́jú arúgbó Yorùbá kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá mọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn ará wa ló ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń wẹ ìyá òyìnbó, wọ́n ń fi nínú owó rẹ̀ ránṣẹ́ kí ẹnìkan lè máa wẹ ìyá wọn nílé. Láti March 2024, àwọn tó gba físà iṣẹ́ yẹn lákọ̀ọ́tun kò lè mú ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́; láti July 2025, wọn kò sì fún ẹni tuntun láti òkè òkun ní físà náà mọ́. Ta ló wá ń tọ́jú ọmọ tó kù nílé? Ìyá àgbà kan náà ni, èyí tí a ní kí wọ́n máa tọ́jú. Iṣẹ́ PhD odindi wà nínú gbólóhùn yẹn, mo fi tọrẹ.

O lè fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò lórí WhatsApp. Má pè wọ́n lóru iṣẹ́. Jẹ́ kí wọ́n fi ohùn ránṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá wà nínú bọ́ọ̀sì, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Bá ẹ̀gbọ́n tó wà lọ́hùn-ún sọ̀rọ̀, kí o sì bá àbúrò tó wà nílé sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀. Iye owó tí ẹni àkọ́kọ́ ní òun fi ránṣẹ́ àti iye tí ẹnìkejì ní òun rí gbà kì í sábà bára mu. Kì í ṣe irọ́ nígbà gbogbo; gbèsè oògùn ló ti mú un lójú ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ 11: Padà lọ

Nọ́ńbà mẹ́ta ni kí o máa gbà ní ilé kọ̀ọ̀kan: ti ẹni tó ń tọ́jú, ti ọmọ tó wà níbòmíràn, ti aládùúgbò kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, ọ̀kan á lọ. Àwọn arúgbó míràn á ti kú. Bí o bá gbọ́ bẹ́ẹ̀, má fi àmì sí "ó ti kú" kí o yíjú sí ilé tó kàn. Wọlé, kí wọn kú àṣẹ̀yìndè, jókòó, kí o béèrè bóyá o ṣì lè béèrè ọ̀rọ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyàwó ilé Ìbàdàn yẹn lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ìyá ọkọ rẹ̀. Ó gbé omi tútù fún mi, ó jókòó, ó ní, "Ọjọ́ yẹn, bí mo bá ní ó rẹ̀ mí, màmá á gbọ́." Ó wá sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì. Kọ irú rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ní Yorùbá, lọ́jọ́ náà gan-an, kí oorun tó gbé e.